Hẹ́límẹ́ẹ̀tì máṣíìnì, ṣé ó tó fún tírákì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wíkẹ́ńdì tó ń bọ̀ ni màá kọ́kọ́ gbé mọ́tò mi lọ sáré ní tírákì, pápá tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré. Ṣé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń gun máṣíìnì ò ti tó?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, mi ò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀. Èyí tí Snell, àjọ tó ń dán hẹ́límẹ́ẹ̀tì wò, kọ M sí, ti máṣíìnì nìyẹn, wọn ò fi iná dán an wò, àmọ́ wọ́n fi iná dán ti mọ́tò tí wọ́n kọ SA sí wò. Àwọn tírákì kan ṣì máa ń gba M, kọ́kọ́ bi àwọn tó ṣètò ẹ̀ kóo tó náwó, tóo bá sì máa ra tuntun, sáà ra èyí tí wọ́n kọ SA sí. Aṣọ òwú ni kóo wọ̀, náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́ mọ́ ara.

Bíréèkì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, tó bá wá gbóná gan-an á hó, ẹsẹ̀ ẹ á kàn rì wọlẹ̀ lórí pẹ́dà, mọ́tò ò sì ní dúró (ó ti ṣe mí rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún). Pààrọ̀ ọ́ìlì náà sí tuntun, irú èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí, kó tó di Friday, kóo wo páàdì àti táyà náà. Tóo bá sáré tán, rọra wakọ̀ yípo kan kó lè tutù, má sì fa hándìbíréèkì nígbà tí bíréèkì ṣì gbóná o.