Báwo ni igi ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó dàgbà sí?
Igi kò ní ọpọlọ, àmọ́ ó mọ oúnjẹ pín. Ṣúgà tí ewé fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ni oúnjẹ náà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ìpín gbòǹgbò á pọ̀ sí i kó lè wá omi lọ. Bí igi mìíràn bá ṣíji bò ó, á ga tẹ́ẹ́rẹ́ lọ wá oòrùn. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń mì lójoojúmọ́ kì í sábà ga, ìdí rẹ̀ ló máa ń tóbi.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ọ̀mùnú orí igi. Èròjà kan tó ń jẹ́ auxin ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀mùnú ẹ̀gbẹ́ rú. Ẹ gé orí igi kékeré kan, kí ẹ máa wò ó: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀mùnú á yọ lọ́tùn-ún lósì nísàlẹ̀ ojú ibi tí ẹ gé.