Kí ni kí n ṣe kí ìfà mi lè lágbára sí i lórí ẹ̀rọ ìtukọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń lo ẹ̀rọ ìtukọ̀ inú ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo máa ń gbé ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ fáànù rẹ̀ sí 10 kó lè le dáadáa, mo sì ń fà á tó ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 ni ojú ẹ̀rọ ń kọ fún mítà 500. Ẹni tó máa ń jókòó sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í fà ju ìgbà 22 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kò tilẹ̀ jọ pé ó ń kánjú, àmọ́ 2:10 ni tiẹ̀. A ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ara wa lọ. Apá máa ń ro mí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn náà sì máa ń dùn mí tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ṣé kí n túbọ̀ máa yára fà ni, àbí kí n lọ máa gbé irin fún apá?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, torí àwọn gan-an ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má yára sí i. Ẹ má sì tíì da apá yín láàmú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, 2:20 fún mítà 500 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 128, ìyẹn agbára tó ń ṣe iṣẹ́ júùlù 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí a bá pín iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan fún ìfà 30, ohun tí ìfà yín kọ̀ọ̀kan ń gbé wá jẹ́ nǹkan bíi júùlù 255. Ti ẹnìkejì yín, 2:10, jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 159, ìfà 22 péré ló sì fi ṣe é, nítorí náà ìfà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi júùlù 434 wá. Ìfà mẹ́ta tirẹ̀ ju márùn-ún tiyín lọ. Ìyẹn kò fi hàn pé okun wà lára rẹ̀ ju tiyín lọ. Ó lè jẹ́ pé okun tiyín kì í dé orí ṣéènì tó so ìdìmú mọ́ fáànù ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọ̀pọ̀ èèyàn láìnídìí: agbára àti ìyára kì í jọ gòkè bákan náà lórí ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyára òun di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ mú agbára ìlọ́po mẹ́jọ wá. Láti 2:20 dé 2:10, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló jọ lójú, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ẹ ń lò báyìí kún un kí ẹ tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn tí mo ń kọ́ gbé wáàtì sójú ẹ̀rọ dípò àkókò. Èèyàn lè ti tẹ̀ síwájú dáadáa kó má sì rí i nínú àkókò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí ẹ gbé sí 10 ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀pá yẹn kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára, fèrèsé ni: iye afẹ́fẹ́ tó ń wọ ilé fáànù ló ń darí. Tí ẹ bá ṣí i dé 10, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á wọlé, á máa dá fáànù dúró, kí ẹ sì tó padà síwájú láti fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, fáànù á ti rọlẹ̀. Ẹ óò wá máa bá ohun tó ti fẹ́ kú jà ní gbogbo ìgbà, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú jíà tó le jù: ó ń rẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ kò sì sáré. Tí ọ̀pá bá wà nísàlẹ̀, fáànù á ṣì máa yí geere, ẹsẹ̀ yín ló máa ní láti yára kó tó bá a. Ibẹ̀ ni agbára ti ń kọ́ ara. Ẹ̀rọ náà sì ń wọn bí fáànù ṣe ń rọlẹ̀ láàárín ìfà kan sí èkejì, ó ń fi í ṣírò iṣẹ́ tí ẹ ṣe, nítorí náà kò sí ẹ̀bùn kankan fún ẹni tó gbé e sí 10.

Ẹ gbé e wá sí àárín 3 sí 5. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtukọ̀ ilé iṣẹ́ Concept2 ni ẹ ń lò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ drag factor sí lójú ẹ̀rọ, ìyẹn òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dá fáànù dúró tó, kí ẹ sì fà á díẹ̀, nọ́ńbà kan á jáde. Láàárín 110 sí 130 ló bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu, ẹni tí ara rẹ̀ kò tóbi sì lè wà nísàlẹ̀ 110. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ gbára lé, torí bí eruku bá ti dí ilé fáànù, 5 orí ẹ̀rọ kan lè má ju 3 orí òmíràn lọ.

Ó wá ku ibi tí agbára ti ń wá gan-an. Ọwọ́ ló di nǹkan mú, ìyẹn ló jẹ́ ká máa rò pé ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe é. Inú itan àti ìdí ni àwọn iṣan tó tóbi jù lára èèyàn wà, ohun tí ẹ bá sì fi wọ́n tì ni ẹ̀rọ máa gbà. Okùn lásán ni apá, òun ló so ẹsẹ̀ mọ́ ṣéènì. Tí apá bá ti ń ro yín kí itan tó rẹ̀ yín, okùn ni ẹ sọ di alágbára.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Ẹ wà níwájú, kí ojúgun yín dúró ṣánṣán, kí apá nà tán, kí èjìká wà níwájú ìbàdí. Ẹ fi ẹsẹ̀ ti pátákó tí ẹ gbé e lé bí ẹni tó fẹ́ fò sókè, àmọ́ kí ara òkè wà bó ṣe wà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń nà tán ni ìbàdí á ṣí, tí ara á sì sún sẹ́yìn. Ká ní ojú aago ni, orí yín á kúrò ní aago 1 lọ sí aago 11, kó má kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni apá á tó ká, tí ìdìmú á wá kan ìsàlẹ̀ àyà. Nígbà tí ẹ bá ń padà síwájú, apá ló ń kọ́kọ́ nà, ara á tẹ̀ lé e, orúnkún ló ń ká kẹ́yìn.

Nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn yín, mo fura sí àṣìṣe kan tí mo máa ń pè ní "ìdí sá". Ẹsẹ̀ tì, ìjókòó ti sáré lọ sẹ́yìn, àmọ́ ìdìmú kò tíì kúrò níbi tó wà. Gbogbo ohun tí itan ṣe, ìjókòó ló gbé e lọ, ṣéènì kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn nìkan á wá dìde fa ẹrù náà, lórí 10, ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yìn wo ni kò ní ké?

Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kó ga tó ìjókòó, kí ẹ ya fídíò ìfà mẹ́wàá, kí ẹ sì wò ó díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìfà ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ìjókòó àti ìdìmú gbọ́dọ̀ gbéra pọ̀, kí wọ́n sì jọ rin ìwọ̀n kan náà. Tí ìjókòó bá kọ́kọ́ lọ, a ti rí i. Kí ẹ tó tì, ẹ mú ikùn le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá níkùn, ẹ jẹ́ kí ìka rọ̀ mọ́ ìdìmú bí ìkọ́ láìfún un pa, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwúwo ara yín so rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó dì mọ́ ẹ̀ka igi. Ẹ má na ara jù níwájú. Nígbà tí ìdí bá ti fẹ́ kan gìgísẹ̀, orúnkún ti ká ré kọjá ibi tí ó ti lágbára.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe èyí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn: ìfà mẹ́wàá pẹ̀lú ẹsẹ̀ nìkan, kí apá nà, kí ara má ṣí rárá, mẹ́wàá pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ara, mẹ́wàá tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú bẹ́líìtì pátákó, kí ẹ máa tukọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ju ara sẹ́yìn jù, ẹsẹ̀ máa gbéra kúrò lórí pátákó fúnra rẹ̀, ẹ ò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kóòṣì láti sọ fún yín. Mo fẹ́ràn ìdárayá yìí ju gbogbo ìyókù lọ.

Ìgbà yẹn la tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ agbára. Ẹ mú ìfà wá sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tì í gidi fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni ìfà kọ̀ọ̀kan ní: nǹkan bí ọ̀kan fún títì, nǹkan bí méjì fún pípadà. Pípadà yẹn ló máa ṣòro fún yín, torí ara yín ti mọ́ ìkánjú. Ẹ jẹ́ kó lọ́ra, ẹsẹ̀ ń sinmi níbẹ̀ kó lè tún tì. Ní ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ṣe ìfà mẹ́wàá pẹ̀lú gbogbo agbára, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì gbáko, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ má gé ìsinmi yẹn kúrú. Ẹni tó ti rẹ̀ kò lè fi gbogbo agbára rẹ̀ tì, ìdárayá mí-sókè-mí-sódò ló máa dà. Ọjọ́ kẹta, ẹ tukọ̀ pẹ̀lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 30, débi tí ẹ fi lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Tí ojú ẹ̀rọ yín bá lè ya àwòrán bí agbára ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ nínú ìfà kan, ẹ máa wò ó. Òkè kan ṣoṣo tó dán, tó tètè ga, ni a ń wá. Bí ó bá ní òkè méjì pẹ̀lú kòtò láàárín, ẹsẹ̀ ti parí kí ara tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti gbígbé irin, ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe fún apá. Ìbẹ̀rẹ̀-dìde pẹ̀lú irin lẹ́yìn ọrùn àti gbígbé irin nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tọ́ ni kí ẹ mú ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yìn yín wá ńkọ́? Títí ìrora yẹn á fi lọ, ẹ má ṣe ti ìfà mẹ́wàá alágbára yẹn, ẹ má sì gbé irin nílẹ̀. Bí ìrora bá ń gba itan sọ̀ kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń ṣe bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún un, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ rí dókítà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ dán ara yín wò: 2:20 kan náà, ní ìfà 24. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìfà kọ̀ọ̀kan ti tó júùlù 320. Tó bá ti wá láìsí ìrora, ẹ lépa rẹ̀ ní 22. Ìgbà tí 22 bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ tó máa fi ìyára lé e padà, 24 kí ó tó di 26, kí ẹ sì máa ya fídíò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ìgbà tí ìkánjú bá padà dé ni ìdí máa ń tún sá.