Kílò kan péré, góòlù Olíńpíìkì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ irin gbígbé ní Sùúrùlérè. Olùkọ́ rẹ̀ ní kílò kan ṣoṣo ni Hidilyn Diaz, ará Philippines, fi gba góòlù. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìbejì, Múṣin)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì. Tokyo ni, lọ́dún 2021, láàárín àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 55 lọ. Òun àti Liao Qiuyun ti Ṣáínà jọ gbé 97 nínú èyí tí wọ́n ń gbé láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú èyí tó ń kọ́kọ́ dúró léjìká, Diaz gbé 124, àpapọ̀ 221. Liao fèsì pẹ̀lú 126, ó di 223. Bí Diaz bá gbé 126, wọn ì bá dọ́gba, ẹni tó sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni ì bá borí. Ló bá ní kí wọ́n di 127 fún òun. Ó gbé e, àpapọ̀ rẹ̀ di 224, kílò kan ju ti Liao lọ.

Ní tiwa, London 2012 ló yẹ kí ọmọ yín wò jù. Ìgbìyànjú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kan nínú ọ̀nà gbígbé kọ̀ọ̀kan. Diaz kùnà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ti èjìká, kò sì ní àpapọ̀ kankan. Nítorí náà, kí ìgbìyànjú àkọ́kọ́ jẹ́ ìwọ̀n tí kì í já a kulẹ̀ rí nílé ìdárayá. Kó ṣọ́ ìgúnpá náà: bó bá tẹ̀ lókè, tó wá ń tì í tọ́, iná pupa làwọn adájọ́ á tàn, wọn ò ní ka gbígbé náà. Ọ̀pá obìnrin lásán, kílò 15, ni kó fi tún un ṣe. Bí ìyẹn bá wúwo, igi ìnulẹ̀ tó.