Taj Mahal Kò Sí ní Chennai: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Sin Bàbá Rẹ̀ Lọ sí Tamil Nadu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún bàbá mi ní Chennai lóṣù kọkànlá, èmi ni mo máa sìn wọ́n lọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ ara wọn ṣì le. Àgẹ́ǹtì tó ń bá wa ṣètò ní tí wọ́n bá ti dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, òun á mú wa lọ wo Taj Mahal, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ dé, torí pé kò sí nǹkan gidi kan láti wò ní gúúsù lọ́hùn-ún. Ó ní òjò á ti dá nígbà yẹn. Mo sì ti ń kọ́ Híńdì díẹ̀díẹ̀ nínú fíìmù kí n lè máa bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ló yẹ ká mú dání? (Láti Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ máa mú dání ò pọ̀. Ẹ mú yẹ́lò káàdì, tó ń fi hàn pé ẹ̀yin méjèèjì ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Íńdíà láìní in, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà kó tó rí ìta. Físà ìtọ́jú ni kí Bàbá gbà, kí ẹ̀yin gba ti ẹni tó ń sin aláìsàn lọ. Físà ìgbafẹ́ kọ́ ni wọ́n fi ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ìkan náà ni wọ́n, owó yín ló ń wá. Òfin físà máa ń yí padà o, torí náà ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Íńdíà ni kẹ́ ẹ ti lọ wádìí, ẹ má fi tèmi ṣe ẹ̀rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àgẹ́ǹtì yín. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé mo ti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kí n tó kà á dé ìdajì: iṣẹ́ abẹ ní Chennai, Taj Mahal lọ́túnla, Híńdì lẹ́nu. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí.

Agra ni Taj Mahal wà, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ní àríwá Íńdíà. Chennai ni olú-ìlú Tamil Nadu, ní gúúsù, létí òkun. Tí a bá ní ká wọn ọ̀nà yẹn tààrà láìyà síbì kan, ó ju 1,500 kìlómítà lọ, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Èkó sí Kánò. Ọkọ̀ ojú irin láti Chennai dé Delhi máa ń gbà ju ọjọ́ kan lọ. Tẹ́ ẹ bá wọ bàálù, ó tó bíi wákàtí mẹ́ta dé Delhi, lẹ́yìn náà ẹ ó tún wọ mọ́tò rin ohun tó lé ní 200 kìlómítà dé Agra, ẹ ó wá padà. Bàbá tó lé ní àádọ́rin ọdún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe orúnkún fún, ni wọ́n fẹ́ gbé rìn báyìí láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́! Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ gbogbo dókítà eegun tí mo ti bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló ń bẹ̀rù kí ẹ̀jẹ̀ má lọ dì sínú ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó pẹ́ lójú kan lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ Bàbá fúnra rẹ̀. Ó sì dá mi lójú pé àgẹ́ǹtì yín ò sọ fún yín pé ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí àlejò ń wọ Taj Mahal, títì ni wọ́n ń tì í.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín ni pé kò sí nǹkan gidi láti wò ní gúúsù. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà bẹ́ẹ̀, torí fọ́tò ilé funfun yẹn la máa ń rí tí wọ́n bá ti dárúkọ Íńdíà. Ọdún 1632 ni Shah Jahan, ọba ìdílé Mughal tó ń jọba ní àríwá, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, láti fi ṣe ibojì ìyàwó rẹ̀, Mumtaz Mahal. Ẹ wo ohun tó ń lọ ní ilẹ̀ Tamil lásìkò yẹn. Tirumalai Nayak ti wà lórí ìtẹ́ ní Madurai láti 1623, kò sì sí lábẹ́ Shah Jahan. Ààfin tí òun náà kọ́ ní nǹkan bí 1636 ṣì wà ní ìdúró, àwọn òpó rẹ̀ tóbi débi pé ọwọ́ ẹnì kan ò lè ká a. Ní 1639, ilé iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ baálẹ̀ kan níbi tí yanrìn etí òkun pọ̀ sí, wọ́n mọ odi tí wọ́n pè ní Fort St George síbẹ̀. Inú odi yẹn ni ìlú Madras ti yọ, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Chennai ní 1996. Tamil Nadu fúnra rẹ̀, 1969 ni ìpínlẹ̀ náà tó gba orúkọ yẹn, Ìpínlẹ̀ Madras ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀.

Èyí tí mo sọ yẹn ṣì kéré. Ní Thanjavur, ọba Rajaraja àkọ́kọ́, ti ìdílé Chola, parí tẹ́ńpìlì Brihadisvara ní 1010. Ẹ ṣírò rẹ̀: tẹ́ńpìlì yẹn ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ Taj Mahal. Akọ òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé ìṣọ́ orí rẹ̀ sì ga ju 60 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìrẹsì létí odò Kaveri ni Thanjavur, kò sí akọ òkúta nítòsí. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ wá láti ibòmíràn ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìkọ̀wé tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Rajaraja kó irinwó obìnrin oníjó wá láti onírúurú ìlú láti máa sin tẹ́ńpìlì náà, ògiri yẹn sì to orúkọ wọn, ibi tí olúkúlùkù ti wá àti ilé tí wọ́n fún un. Ọmọ rẹ̀, Rajendra, ló kó ọkọ̀ ogun gba orí òkun lọ bá ìjọba Srivijaya jà ní erékùṣù Sumatra, ní Indonesia òde òní, ní 1025. Ibí yìí ni àgẹ́ǹtì yín ní kò sí nǹkan gidi!

Ìṣòro ni pé Thanjavur lé ní 300 kìlómítà sí Chennai, Madurai sì tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí dókítà ò bá yọ̀ǹda, ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá padà lọ fún àyẹ̀wò. Mahabalipuram ló bá yín mu. Bíi 60 kìlómítà ni láti Chennai, ọ̀nà etí òkun tó dán ni wọ́n ń gbà. Àwọn ọba Pallava ló ni ibẹ̀, ní ọ̀rúndún keje sí ìkẹjọ. Tẹ́ńpìlì kan wà níbẹ̀ tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ ń fẹnu kàn. Ilé márùn-ún mìíràn wà tí wọn ò mọ, gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ wọn látinú àpáta bí ẹní gbẹ́ ère. Àpáta ńlá kan tún wà tí wọ́n gbẹ́ erin, àwọn òrìṣà àti olóògbò kan tó ń dibọ́n bí ẹni mímọ́ sí lára. Bàbá á rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá rí olóògbò yẹn. Ilẹ̀ ibi púpọ̀ níbẹ̀ tẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun òkè ibi iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi, orúnkún tuntun ò wà fún ìyẹn. Àjèjì ń san ju ọmọ ìbílẹ̀ lọ láti wọlé, kì í ṣe jìbìtì, òfin ni.

Nínú Chennai fúnra rẹ̀, tó bá jẹ́ pé ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Bàbá, ẹ mú wọn lọ sí St Mary's nínú Fort St George. Ọdún 1680 ni wọ́n yà á sí mímọ́, kò sí ilé ìjọsìn Áńgílíkà tó dàgbà jù ú lọ ní Íńdíà. Ṣọ́ọ̀ṣì San Thome náà wà níbẹ̀, lórí ibi tí àwọn Kristẹni ibẹ̀ gbà pé wọ́n sin Tọ́másì àpọ́sítélì sí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, mi ò lè búra sí i, àmọ́ àwọn Kristẹni Íńdíà ti ń sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀.

Ní ti tẹ́ńpìlì Híńdù tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Híńdù lè rìn káàkiri àgbàlá, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó wọ yàrá òrìṣà. Ẹni tó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì yàrá yẹn fún yín, ẹ yáa sá fún un. Bàtà sì máa ń dúró síta. Òkúta ilẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Bàbá, tí ojú egbò ò bá tíì jinná, kí wọ́n máà wọlé rárá.

Híńdì wá ńkọ́? Bí òyìnbó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta tó ń fi Haúsá kí yín torí ó gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, ẹ ó dáhùn, àmọ́ ẹ mọ bó ṣe máa rí lára yín. Támílì ni èdè wọn, èdè tó ní ìwé láti ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún, kò sì bá Híńdì tan. Wọ́n ti kú nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1937, ìjọba Madras fẹ́ fi Híńdì ṣe dandan nílé ẹ̀kọ́, àwọn ènìyàn gbógun tì í títí wọ́n fi fagi lé e ní 1940. Òfin ilẹ̀ Íńdíà tún sọ pé láti ọjọ́ 26 oṣù kìíní 1965, Híńdì nìkan ni kó máa jẹ́ èdè ìjọba àpapọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, àwọn kan dáná sun ara wọn, ọlọ́pàá yìnbọn. Nígbà tí ìdìbò dé ní 1967, ẹgbẹ́ òṣèlú Congress tó ń ṣèjọba pàdánù Madras, wọn ò sì tíì rí àga yẹn gbà padà. Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn á ṣe yín láǹfààní ju Híńdì inú fíìmù lọ. "Vanakkam" ni kẹ́ ẹ fi máa kí wọn, ẹ fi "nandri" dúpẹ́, ó tó.

Òjò tí àgẹ́ǹtì ní á ti dá náà ńkọ́? Irọ́ ni. Òjò ti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló ń rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Íńdíà, àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn sì máa ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé Chennai. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni atẹ́gùn ń yí padà, á kó omi láti orí òkun Bengal, á dà á lé Tamil Nadu lórí. Oṣù kọkànlá tí wọ́n dá fún yín, àárín gbùngbùn òjò ni. Lóṣù kejìlá 2015, omi bo pápákọ̀ òfuurufú Chennai, wọ́n sì tì í fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjì Michaung tún mú omi yalé lọ́dún 2023. Tí dókítà bá gbà kẹ́ ẹ sún un sí oṣù kìíní, ẹ sún un. Tí kò bá gbà, ìtọ́jú ló ṣáájú, ẹ kàn má fi ọjọ́ bàálù ìpadàbọ̀ há.

Tó bá bọ́ sí oṣù kìíní, ẹ ó bá ọdún Pongal ìkórè, àti ijó bharatanatyam àti orin ìbílẹ̀ tó ń lọ káàkiri Chennai láti àárín oṣù kejìlá. Eré akọ màlúù tún ń wáyé lágbègbè Madurai nígbà náà. Ẹ má gbé Bàbá débẹ̀.

Oúnjẹ ò ní dà yín láàmú. Irọ́ ni pé wọn kì í jẹ ẹran, ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ẹ́, ata ọbẹ̀ Chettinad á sì bá Bàbá lára mu tí dókítà ò bá kọ ata fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, bíi tiwa.

Tẹ́ ẹ bá ti san owó Taj Mahal, ẹ gbà á padà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì gba ìwé lé e. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ọjọ́ wo ni Bàbá lè jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí méjì láìséwu? Ọjọ́ tó bá dá ni kẹ́ ẹ lọ sí Mahabalipuram, kẹ́ ẹ sì tètè jáde kí oòrùn tó mú.