Ẹ Bi Màmá Olùkọ́: Wọ́n Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Olùkọ́. Ọmọbìnrin mi tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ń ka ìwé ìtàn lálẹ́ ọjọ́ kan ló bá bi mí pé, báwo ni Ogun Àgbáyé Kejì ṣe bẹ́ sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìpàdé àti àdéhùn ló kún gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀? Mo ní Hitler ló fà á. Ó ní òun mọ ìyẹn, àwọn yòókù wá ńkọ́? A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé kò sí àgbà lọ́jà nígbà náà ni?*
— Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn, irú ìbéèrè yìí ló sì yí bí mo ṣe ń kọ́ ọ padà. Mo ti kọ orúkọ àwọn mẹ́rin tó jókòó ní Munich lọ́jọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1938 sójú pátákó: Hitler ti Jámánì, Mussolini ti Ítálì, Chamberlain ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Daladier ti ilẹ̀ Faransé. Ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Mà, ilẹ̀ Czechoslovakia ni wọ́n ń pín. Ta ló ṣojú wọn níbẹ̀?"

Mo dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣojú wọn. Aṣojú méjì wá láti Prague, olú ìlú wọn, lóòótọ́, àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi wọ́n sí kí wọ́n máa retí. Aago kan òru ti kọjá kí wọ́n tó pè wọ́n wá wo ìwé tó gé lára ilẹ̀ wọn fún Hitler.

Àgbà wà lọ́jà, ìyá. Wọ́n pọ̀. Orí ọmọ náà gan-an ni wọ́n ń ná.

Ó ti ń bọ̀ tipẹ́. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1931, àwọn ọmọ ogun Jàpáàn fi bọ́ǹbù ba ojú irin jẹ́ nítòsí Mukden ní Manchuria, agbègbè kan ní Ṣáínà, wọ́n ní ará Ṣáínà ló ṣe é, wọ́n sì gba gbogbo agbègbè náà. League of Nations, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́ kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀, rán ìgbìmọ̀ lọ wádìí. Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn ìkọlù náà kí àbọ̀ wọn tó jáde. Nígbà tí wọ́n dìbò lóṣù kejì ọdún 1933, orílẹ̀-èdè 42 gba àbọ̀ náà wọlé, Jàpáàn nìkan ló ta kò ó. Aṣojú rẹ̀ dìde, ó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ló parí sí.

Etiópíà ló máa ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1935, àwọn ọmọ ogun Mussolini gba ọ̀nà Eritrea wọ ilẹ̀ náà láìkéde ogun. Ọmọ ẹgbẹ́ League ni Etiópíà, Ítálì náà sì wà nínú ẹgbẹ́. Àjọ náà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún Ítálì, kí wọ́n má sì ra ọjà rẹ̀. Ó dára, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀: epo rọ̀bì. Epo tí ọkọ̀ ogun àti bàálù ń mu ni wọn ò fọwọ́ kàn. Wọn ò sì ti ọ̀nà omi Suez, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi Ítálì ń gbà kó ọmọ ogun kọjá. Lóṣù kejìlá, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, Hoare, àti Laval ti ilẹ̀ Faransé jókòó ní Paris, wọ́n jọ gbà ní ìkọ̀kọ̀ láti fa apá ńlá nínú Etiópíà lé Mussolini lọ́wọ́. Olú ọba Haile Selassie kò sí níbẹ̀. Ìwé ìròyìn ló tú àṣírí wọn, Hoare sì kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Bàálù Ítálì ń da gáàsì olóró lé èèyàn àti ẹran ọ̀sìn lórí títí Addis Ababa fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1936. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Haile Selassie fúnra rẹ̀ dìde sọ̀rọ̀ ní Geneva. Àwọn akọ̀ròyìn Ítálì ń súfèé kí wọ́n má bàa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó dúró títí wọ́n fi lé wọn jáde, ó fi èdè Amharic sọ tẹnu rẹ̀, ó sì béèrè pé ìdáhùn wo ni òun máa mú lọ fún àwọn èèyàn òun. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ká gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ Ítálì kúrò. Ìdáhùn nìyẹn.

Hitler ń wò wọ́n. Ẹnu ọ̀rọ̀ Etiópíà ni wọ́n ṣì wà lóṣù kẹta ọdún 1936 tó fi kó ọmọ ogun wọ Rhineland, agbègbè Jámánì tí àdéhùn Versailles tó tẹ̀ lé ogun àkọ́kọ́ ní kò gbọ́dọ̀ kó wọn sí. Kò sẹ́ni tó lé e padà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gba Austria. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Czechoslovakia.

Mi ò ní pe Chamberlain ní ojo. Ẹni ọdún 69 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ bàálù lọ Jámánì láàárín oṣù kan nítorí kí ogun má bàa wáyé. Ilẹ̀ Faransé nìkan sin ju mílíọ̀nù kan ọmọ ogun lọ nínú ogun àkọ́kọ́. Ta ló fẹ́ tún sin òmíràn? Èrò tó wá pàdé rẹ̀ nígbà tó dé láti Munich ń hó fún ayọ̀. Àmọ́ ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé náà ló sọ lórí rédíò pé ìjà ọ̀nà jíjìn ni, láàárín àwọn èèyàn tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa wọn. Mi ò tíì lè ka ọ̀rọ̀ yẹn kí inú mi má ru. Ìlú àwọn èèyàn yẹn lo fẹ́ lọ fi tọrẹ!

Kò pé oṣù mẹ́fà tí Hitler fi ya ìwé Munich. Lóṣù kẹta ọdún 1939, ó pe Hácha, ààrẹ Czechoslovakia, sí Berlin lóru, wọ́n ní àwọn máa ju bọ́ǹbù sí Prague bí kò bá fọwọ́ sí ìwé. Ọkàn bàbá arúgbó náà dá kú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kó lè jí wá fọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọkọ̀ ogun bọ́ sọ́wọ́ Jámánì pẹ̀lú ilẹ̀ náà, ọkọ̀ wọn sì wà lára èyí tí wọ́n fi wọ ilẹ̀ Faransé ní 1940.

Ìgbà yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèlérí pé àwọn máa gbèjà Pólándì. Ó kù kí Rọ́ṣíà dúró tì wọ́n. Lóṣù kẹjọ, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé rán àwọn ọ̀gágun lọ bá ìjọba Stalin sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń rọra lọ ni wọ́n wọ̀! Nígbà tí wọ́n sì dé Moscow, tí wọ́n ní kí Drax tó ṣáájú ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá, kò ní. Ribbentrop, mínísítà Hitler, bàálù ló wọ̀ lọ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ 23 ló dé, òru ọjọ́ náà ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, pẹ̀lú ìwé ìkọ̀kọ̀ tó pín Pólándì sí méjì. Pólándì náà kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun bẹ̀rẹ̀.

*Màmá, ṣebí wọ́n ń dìbò ní Jámánì? Báwo lẹnì kan ṣe wá gba gbogbo àṣẹ?*
— Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì

Ọmọ mi, wọ́n ń dìbò, ẹgbẹ́ Hitler kò sì rí ìdajì ìbò rí nínú èyí tó jẹ́ òótọ́. Ààrẹ Hindenburg ló yàn án ṣe olórí ìjọba lọ́jọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1933, nígbà tí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn tó gba ààrẹ nímọ̀ràn rò pé àwọn á máa darí rẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ilé aṣòfin fi jóná. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ aráàlú láti sọ̀rọ̀ àti láti péjọ. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta, àwọn aṣòfin fúnra wọn fa agbára òfin lé e lọ́wọ́. Aṣòfin 94 péré ló sọ pé rárá. Àwọn Kọ́múníìsì ti wà lẹ́wọ̀n tàbí nínú ìsápamọ́.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́kun nílé mọ́. Ní 1938, Ọ̀gágun Beck kìlọ̀ pé ogun lórí Czechoslovakia máa ba Jámánì jẹ́. Wọn ò dá a lóhùn, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Munich gbé apá kan ilẹ̀ náà fún Hitler láìyìnbọn. Ta ló tún máa gbọ́ ti Beck?

*Ṣé Haile Selassie padà sílé?* — Òǹkàwé

Ó padà. Ní 1941, ogun ti dé ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Nàìjíríà wà nínú wọn, sì bá àwọn ará Etiópíà lé Ítálì jáde. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ni olú ọba wọ Addis Ababa, ó pé ọdún márùn-ún géérégé tí àwọn ọmọ ogun Mussolini wọ̀ ọ́.