Kí ẹ tó ra òdòdó, ẹ wo ibi tí omi ń gbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tuntun la kó sí ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Iwájú ilé fẹ̀ ní mítà 8, ó sì jìn ní mítà 6 dé ẹnu géètì, ilẹ̀ pupa lásán. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹrẹ̀ á máa ta sára ògiri, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sì ti gbẹ́ ilẹ̀ etí ilé wọnú. A gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì lọ́dún tó kọjá, kò rí bátiṣé, ó gbẹ. Owó ọwọ́ wa kò tó nǹkan. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ fi koríko sílẹ̀ ná. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yẹn ni kí owó àkọ́kọ́ bá. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ ri igi wẹ́wẹ́ mọ́ ojú ibi tí omi ń já sí gan-an, nítorí ojú lásán kì í mọ̀ ọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Ẹ gbẹ́ ojú ìlà náà ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 30 àti jíjìn 15. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tí ẹ ti tú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí òkúta má baà máa rì sínú ẹrẹ̀, kí ẹ wá da gíráńáìtì tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré lé e lórí. Bárò mẹ́fà á tó fún mítà 8. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi iyanrìn rọ́pò nítorí pé ó dínwó, ẹ má gbọ́. Òjò méjì péré ló máa gbá a lọ.

Lẹ́yìn náà, kí ilẹ̀ da orí kọ ìta. Sẹ̀ǹtímítà méjì lórí mítà kan ti tó, ìyẹn ni pé ẹnu géètì á fi 12 rẹlẹ̀ ju etí ilé lọ. Ẹ yá páìpù rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ọgbọọgba, ẹ rọ omi sí i, kí ẹ rí i pé kò sí ìfófòó kankan nínú rẹ̀. Bí ìfófòó bá wà níbẹ̀, irọ́ ni páìpù náà máa pa fún yín. Ibi tó ga ni ẹ ó ti gé erùpẹ̀. Ẹ má kó o jọ sí ara ògiri: ó yẹ kí ilẹ̀ ìta fi sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán, rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á máa mu omi.

Ní ti koríko tó kú, ó jọ pé erùpẹ̀ tí wọ́n wú jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì tó ti gan. Ẹ dán an wò: ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ìgò bíà kan, ẹ pọn omi kún un, kí ó fà tán, ẹ tún pọn ọ́n kún. Bí omi ẹ̀ẹ̀kejì bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, gbòǹgbò kò lè ráyè níbẹ̀. Ẹ fi jígà tú gbogbo rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ ṣa òkúta kúrò. Ẹ wá da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i, àpò méjì tó wọ̀n tó kílò 25 sí 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde lábẹ́ adìẹ máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ gbé imú sún mọ́ ọn: bó bá ń ta yín lójú, kò tíì tó àsìkò.

Ibi tí owó ti ń yọ́ lọ jù ni rírà koríko tí wọ́n gé bí ẹní láti fi bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ ra bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tó yẹ kó bò ó, ẹ já a sí fọ́nrán tó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 20 síra. Oríkèé méjì lábẹ́ ilẹ̀, ewé lókè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Oṣù Karùn-ún sí Kẹfà ló dára jù, kó lè ti mú ilẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi máa tu èpò. Alágbàṣe tí ẹ bá fún ní ọkọ́ á ro koríko mọ́ èpò.

Ìbéèrè: Táyà mọ́tò mi máa ń rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu géètì. Owó ìńtálọ́ọ̀kì pọ̀ jù fún mi. Mítà márùn-ún péré ni. (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ojú ọ̀nà táyà nìkan ni kí ẹ fi kọnkéré sí. Ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó nípọn ní 10, máa gba bíi àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin. Bí ẹ bá bo gbogbo rẹ̀ ní ìbú mítà mẹ́ta, ó máa tó mẹ́wàá. Ẹ wọn mọ́tò yín láti àárín táyà ọ̀tún dé àárín ti òsì, òun ni kí àárín ìlà méjèèjì fi jìnnà síra. Bí ẹ ó ṣe pò ó nìyí: òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn tó rí gbáragbàra méjì, gíráńáìtì mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ gún ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kó le, kí ẹ fi pátákó pín in ní mítà kan àbọ̀ síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun fúnra rẹ̀ á yan ibi tó fẹ́ sán sí. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje, kí mọ́tò má sì gun orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Koríko lè wà láàárín ìlà méjèèjì.

Ìbéèrè: Ayálégbé ni mí, mo fẹ́ ọgbà tó máa bo ojú àwọn tó ń kọjá. Kò sówó. (Èkó)

Ìdáhùn: Pèrègún. Ẹ bẹ aládùúgbò yín kan tó ní i, ẹ gé ọ̀pá tó nípọn bí àtàǹpàkò, tó gùn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ gé orí rẹ̀ ní ọgbọọgba, nítorí pé bí ewé bá ti kúrò, àwọn kan máa ń ri orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á sì máa ní pèrègún yẹn kò dára. Ẹ fi sí ibòòji fún ọjọ́ kan, ẹ ri ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 síra. Ẹ má máa fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò! Ewúro náà ṣeé gbìn bẹ́ẹ̀, òun sì tún ni ọbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbin igi furúùtù ńlá sí ẹ̀gbẹ́ sókáwéè kó lè ṣíji bò wá?

Ìdáhùn: Rárá o. Gbòǹgbò rẹ̀ á wá omi yẹn kàn. Bí àyè bá wà, ẹ gbé e jìnnà tó mítà mẹ́wàá. Bí kò bá sí, ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ gbìn, ní mítà mẹ́ta sí ògiri.