Àgbájọ ọwọ́ ni, kì í ṣe àgbájọ àpò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Aránṣọ ni mí nílùú Kétu, ní Benin. Ọmọ mi kan wà ní CP, kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èkejì wà ní CE2, kíláàsì kẹrin. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti yàn mí mọ́ àwọn tó ń darí APE, ẹgbẹ́ òbí ilé ìwé wọn. Òbí tó lé ní 200 la jẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn 14 ló wá sí ìpàdé tó kọjá, bàbá mẹ́ta ló sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rí wa lọ́nà, wọ́n á ní "àwọn agbowó ti dé". Kí la lè ṣe kí àwọn òbí mọ ara wọn, kí ilé ìwé náà sì di ti gbogbo wa?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìdúró ti àwọn ọmọ. Ọdún 31 ni mo fi ṣe olùkọ́, mo sì ṣe ọ̀gá ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ẹgbẹ́ òbí jókòó, láti Kétu dé Pobè. Orúkọ tí wọ́n ń pè yín yẹn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò purọ́ mọ́ yín. Ẹ ṣí ìwé ìpàdé yín ti ọdún tó kọjá, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ pe òbí fún nǹkan tí kì í ṣe owó. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹyọ kan.

Ní ọdún 2006 ni ìjọba Benin mú owó ilé ìwé kúrò ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ òbí gbọ́ ọ lórí rédíò, inú wọn dùn. Nígbà tí APE wá dé lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìwé owó lọ́wọ́, ohun tí etí wọn gbọ́ ni pé owó tí wọ́n mú gba ẹnu ọ̀nà jáde ti gba ojú fèrèsé wọlé. Àdéhùn láàárín òbí ni owó ẹgbẹ́, kì í ṣe owó orí. Kò sí ọmọ tó yẹ kí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì nítorí rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé ìwé yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bá a yanjú, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èmi gan-an ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ọdún kejì tí mo di ọ̀gá ilé ìwé, mo kọ orúkọ àwọn òbí tí kò tíì san owó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ojú yóò tì wọ́n. Ojú tì wọ́n lóòótọ́. Wọ́n kúkú wá ọ̀nà ẹ̀yìn fún ọmọ wọn, àwọn ìyá tó máa ń dúró kí mi láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà gba inú àgbàdo kọjá. Owó kò wọlé, ìkíni náà sì tán. Ọdún kan gbáko ló gbà mí kí n tó rí i tún ṣe.

Ohun tó tún un ṣe kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Àwọn bàbá wa ní ọ̀wẹ̀. Bí oko ẹnì kan bá kún, tàbí tó fẹ́ mọlé àna rẹ̀, yóò pe ọ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wá, òun náà yóò sì se oúnjẹ dúró dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń san owó láti wá sí ọ̀wẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń mú wá. Ẹ jẹ́ kí APE yín pe ọ̀wẹ̀ kí ó tó tún béèrè ẹyọ sẹ́fà kan. Ẹ má sì pe gbogbo òbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí a bá ní kó wá tún "ilé ìwé" ṣe, yóò rò pé àwọn mìíràn á lọ. Ẹni tí a bá ní kó wá tún kíláàsì ọmọ rẹ̀ ṣe, ọmọ náà ni yóò jí i láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ihò kan wà nílẹ̀ kíláàsì CE1 wa, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó fẹ̀ tó àwo ẹ̀kọ. Lẹ́tà tí a kọ nítorí rẹ̀ kò níye. Ọjọ́ tí a pe ọ̀wẹ̀ CE1, ọkùnrin kan wọlé tí n kò rí rí, bẹ́ẹ̀ ọdún kẹta ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa rèé. Mọlémọlé ni. Kò gbọ́ Faransé, bẹ́ẹ̀ Faransé ni a máa fi ń ṣe ìpàdé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka ha etí ihò náà, ó ní, "Iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ èyí ti pọ̀ jù." Ó fi irin gbẹ́ etí rẹ̀ títí ó fi kan ibi tó le, ó gbá eruku kúrò, ó wọ́n omi sí i, ìgbà náà ló tó po sìmẹ́ńtì. Ọmọbìnrin rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, ó ń lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, bàbá mi ló ṣe é, kò tíì gbẹ!"

Ọkùnrin yẹn kò pa ìpàdé jẹ mọ́. Nígbà tí ẹnì kan gbé iye owó páànù tuntun wá síwájú wa, òun ló dìde, tó fi ẹsẹ̀ wọn gígùn ilé náà, tó ní páànù tí wọ́n kọ sílẹ̀ pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ta ni nínú àwa tó gbọ́ Faransé tó mọ̀ ọ́n?

Ẹ fi díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ se ẹ̀wà fún àwọn tó bá wá. Akápò yín lè ní ìnákúnàá ni. Ẹ má dá a lóhùn, ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọlọ́wẹ̀. Nídìí ẹ̀wà yẹn gan-an ni ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi wà. Ibẹ̀ ni ìyá kan yóò ti mọ̀ pé ẹni tó ń ta epo fún òun ni ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ òun. Àwọn bàbá méjì tó ń du ààlà oko ni mo rí tí wọ́n jọ gbé bẹ́ǹṣì kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. N kò sọ pé ìjà oko náà parí o.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ńkọ́? Mo fura pé ọjọ́ ọjà ni ìpàdé yín bọ́ sí. Ọjà ọrún máa ń yípo ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí a ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni a fi ń pè é ní ọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ ilé ìwé sì jẹ́ ọjọ́ méje. Ẹ fi méjèèjì síra wọn: ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú mẹ́rin ni yóò bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá wá ń pàdé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, tí àkọ́kọ́ bá ti bọ́ sí ọjọ́ ọjà, gbogbo ìpàdé ọdún náà ni yóò bọ́ sí i, ẹ ó sì máa sọ pé àwọn ìyá kò bìkítà. Ẹ yẹra fún ìgbà ìgbìn àgbàdo náà.

Àwọn ìyá yìí kan náà, ibo ni wọ́n ń jókòó sí nípàdé? Ẹ̀yìn. Ìlú tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi yẹ́ àwọn ìyá sí, tí UNESCO fi ijó náà sínú ogún gbogbo ayé ní 2008, òun náà ló ń fi ìyá jókòó sẹ́yìn nílé ìwé! Ẹ ṣe ìpàdé ní Yorùbá. Bí Fọn tàbí Fúlàní bá wà láàárín yín, ẹ ní ẹni tí yóò máa túmọ̀ fún wọn. Kí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ sì máa yí: bí bàbá kan bá sọ̀rọ̀ tán, ìyá kan ni yóò tẹ̀ lé e. Bí ilé ìwé yín bá ní AME, ẹgbẹ́ àwọn ìyá akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe é ní orogún. Bí ẹ bá sì ní kántíìnì, irú èyí tí ìjọba ti ń mú gbòòrò láti 2017, ẹ lọ bá àwọn tó ń dáná níbẹ̀ kí ẹ bá wọn yọ òkúta nínú ìrẹsì. Wọ́n mọ ọmọ tí kì í jẹun tán, wọ́n sì mọ èyí tó ń di oúnjẹ lọ sílé fún àbúrò rẹ̀. APE kì í mọ irú èyí.

Yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, àáró tún wà, èyí tí a ń ka iye rẹ̀: mo ṣe tèmi fún ọ lónìí, ìwọ ṣe tìrẹ fún mi lọ́la. Mo mọ àwọn ìyá márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Pobè tí wọ́n pín ọjọ́ márùn-ún ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá kàn ni yóò kó ọmọ gbogbo wọn kọjá títì láàárín ọkọ̀ akẹ́rù àti zémidjan, àwọn alùpùpù akérò. Wọn kò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀, wọn kò yan alága. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bímọ, àwọn mẹ́rin yòókù pín ọjọ́ rẹ̀ ṣe fún oṣù méjì.

Owó ṣì máa wà, n kò tàn yín. Ẹ gba pátákó kan lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, ẹ gbé e kọ́ síbi tí gbogbo òbí ń gbà kọjá, níbi tí mo lẹ orúkọ wọn mọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ìlà mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ: èyí tó wọlé, èyí tó jáde àti ohun tí a fi rà, èyí tó kù. Ẹ kọ ọ́ lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan tó yí padà. Fún ẹni tí kò kàwé, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti CE2 ọmọ yín, torí pé ẹ ti mọ àwọn òbí ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo bẹ́ǹṣì tó ti kán, ẹ wá káfíńtà kan nínú àwọn bàbá, ẹ rẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí òbí méje péré bá wá, ẹ ṣe é pẹ̀lú àwọn méje náà, kí ẹ sì kọ iye bẹ́ǹṣì tó dìde sí mi.